Ẹni tí Ó Ti Ojú Ogun Bọ̀ àti Ọmọ tí Kò Rí Jẹ

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú ìpàdé oṣù ẹgbẹ́ wa)

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni ẹgbẹ́ ní kí a sọ ní ìpàdé yìí: ọ̀rọ̀ àlàáfíà, ọ̀rọ̀ àwọn sójà tí ó ti fẹ̀yìn tì, àti ọ̀rọ̀ òṣì tí ó ń pọ́n àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ lójú. Ẹlòmíràn lè rò pé ọ̀nà wọn jìn sí ara wọn. Lójú tiwa, okùn kan ṣoṣo ni ó so wọ́n pọ̀. Nígbà tí ogun bá wọ ìlú, ọmọ ni ebi kọ́kọ́ ń pa. Nígbà tí ogun bá sì tán, ilé ẹni tí ó lọ jà á ni ìyà rẹ̀ ń fi ṣe ibùgbé. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń wá àlàáfíà, tí kò bojú wo sójà àtijọ́, tí kò sì wo inú abọ́ ọmọ rẹ̀, ìdajì iṣẹ́ ni ó ń ṣe.

Ohun mìíràn tí a fẹ́ fi yé yín ni pé, nínú irú ọ̀rọ̀ báyìí, àwọn mẹ̀kúnnù ni ó máa ń kọ́kọ́ dìde kí àwọn aláṣẹ tó tẹ̀ lé wọn. A ó mú àpẹẹrẹ wá, kí a má baà dà bí ẹni tí ń sọ̀rọ̀ lásán.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Ní ọdún 1821 ogun kó ìlú Òṣoògùn. Nínú àwọn tí a kó lẹ́rú ni ọmọdékùnrin kan wà tí ń jẹ́ Àjàyí, ọmọ nǹkan bí ọdún 12 tàbí 13. A tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé etí òkun. Bí kì í bá ṣe pé ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ tí ó gbé e ní ọdún 1822, tí wọ́n sì mú un lọ sí Sàró, ì bá bá ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Yorùbá lọ, àwọn tí a fi ipá sọ di ará Bràsíìlì àti Kúbà. Òun ni ayé wá mọ̀ sí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther. Ọdún 1846 ni ó tó tún fi ojú kan ìyá rẹ̀, ní Abẹ́òkúta, lẹ́yìn ọdún 25. Gbogbo wa ni a ń fi orúkọ rẹ̀ yangàn, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Àjàyí kan ni ó padà rí ìyá rẹ̀. Àwọn Àjàyí tí kò padà kò lóǹkà.

Ẹ tún wo ogun Kírìjì láàrin Ìbàdàn àti Èkìtì Parapọ̀. Ọdún 1877 ni ó bẹ̀rẹ̀. Ọdún 1893 ni àwọn àgọ́ ogun tó tú ká pátápátá. Ọmọ tí a bí ní ọdún tí ogun náà bẹ̀rẹ̀ ti tó gbé ìbọn kí ó tó parí. Àwọn wo ni ó ń lọ tí ó ń bọ̀ láàrin àgọ́ méjèèjì? Àwọn oníwàásù méjì ni: Samuel Johnson, ẹni tí ó kọ ìtàn Yorùbá sílẹ̀ fún wa, àti Charles Phillips. Òótọ́ ni pé ìjọba Èkó ni ó rán wọn. Ṣùgbọ́n agbára ìjọba Èkó kò dé Ìmẹ̀sí-Ilé nígbà náà. Ẹsẹ̀ tí kò kọ ìrìn, etí tí ó gbọ́ ẹjọ́ tọ̀túntòsì, àti ẹnu tí ó mọ bí a ti ń bá àgbà sọ̀rọ̀ ni wọ́n fi ṣe iṣẹ́ náà. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án ọdún 1886 ni a fi ọwọ́ sí ìwé àdéhùn àlàáfíà. Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ ni pé ìlàjà kì í jábọ́ láti ojú ọ̀run. Ẹnìkan ní láti fi ẹsẹ̀ rẹ̀ rìn ín.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí a sọ̀rọ̀ àwọn sójà Bọ́mà. Nínú ogun àgbáyé kejì, láti ọdún 1939 títí di 1945, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kó àwọn ọmọ Nàìjíríà, Gold Coast, Sàró àti Gáńbíà jọ sí iṣẹ́ ogun. Dífísọ̀n méjì, èyí tí ń jẹ́ 81 àti èyí tí ń jẹ́ 82, ni a rán lọ sí Íńdíà àti Bọ́mà, ilẹ̀ tí a ń pè ní Myanmar lónìí. Nínú igbó Arakan, níbi tí ọkọ̀ kò lè gbà, orí ni àwọn ọmọ wa fi ru ọta àti oúnjẹ lórí òkè àti nínú ẹrẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni Isaac Fadoyebo, ọmọ Emùré-Ilé ní ẹ̀bá Ọ̀wọ̀, ẹni tí ó wọ iṣẹ́ sójà ní ọdún 1942 nígbà tí kò ju ọmọ ọdún 16 lọ. Ẹ̀yin òbí, ọmọ ọdún 16!

Ní oṣù kẹta ọdún 1944, àwọn ará Japan ba dè wọ́n ní etí odò Kaladan. Ọta ba ẹsẹ̀ Fadoyebo, ó sì ba ikùn rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kú. Òun àti ọmọ Sàró kan, David Kargbo, ni ó kù nínú igbó láìní oúnjẹ, láìní oògùn. Àgbẹ̀ kan tí ó jẹ́ Mùsùlùmí, Shuyiman ni orúkọ rẹ̀, gbé wọn pamọ́, ó sì ń fún wọn ní oúnjẹ fún bí oṣù mẹ́sàn-án, títí àwọn ọmọ-ogun Gẹ̀ẹ́sì fi dé. Bí àwọn ará Japan bá mọ̀ ni, pípa ni wọn ì bá pa á. Kò bá Fadoyebo tan, wọn kò sọ èdè kan náà, ẹ̀sìn wọn kò pọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni òun náà ní ìdílé tí ó ń bọ́. Fadoyebo padà sí ilé, ó fi ẹsẹ̀ tiro títí di ọjọ́ ikú rẹ̀ ní ọdún 2012, ó sì kọ ìtàn náà sílẹ̀ kí ó má baà parun. Bí a bá bi wá pé kí ni àlàáfíà, abọ́ oúnjẹ tí àgbẹ̀ yẹn gbé wọ inú igbó ni a ó tọ́ka sí.

Nígbà tí ogun tán, kí ni àwọn sójà bá nílé? A ti ṣe ìlérí iṣẹ́ àti owó ìfẹ̀yìntì fún wọn. Ọ̀pọ̀ kò rí méjèèjì. Ní Gold Coast, tí í ṣe Gánà lónìí, wọ́n kó ara wọn jọ. Ní ọjọ́ 28 oṣù kejì ọdún 1948, wọ́n to ìlà ní Accra láti gbé ìwé ẹ̀bẹ̀ lọ fún Gómìnà. Wọn kò gbé ohun ìjà lọ́wọ́. Ọ̀gá ọlọ́pàá Gẹ̀ẹ́sì kan dá wọn dúró ní oríta, ó sì yìnbọn. Adjetey tí ó jẹ́ sájẹ́ǹtì, Attipoe tí ó jẹ́ kọ́pùrà, àti Odartey Lamptey kú síbẹ̀. Ìbọn Bọ́mà kò pa wọ́n. Ìbọn ìjọba tí wọ́n jà fún ni ó pa wọ́n. Rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀ ní ìlú, ìjọba sì ní láti yan ìgbìmọ̀ ìwádìí. Láti ìgbà náà ni ọ̀nà òmìnira ti ṣí, títí Gánà fi gba òmìnira ní ọjọ́ 6 oṣù kẹta ọdún 1957. Ìwé ẹ̀bẹ̀ lásán ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ní ọ̀dọ̀ tiwa ńkọ́? Ní àkókò ogun kan náà, ìyá ọlọ́jà ní Abẹ́òkúta ni ó ń ru ẹrù tirẹ̀. Àwọn aláṣẹ ń gba ìrẹsì lọ́wọ́ wọn, owó-orí sì wà lọ́rùn wọn lọ́tọ̀. Ọmọbìnrin tí ó bá ti pé ọdún 15 ti wọ inú ìwé owó-orí. Owó tí ìyá bá fi san owó-orí, ẹnu ọmọ ni a ti yọ ọ́. Ìyáàfin Funmilayo Ransome-Kuti àti àwọn obìnrin ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí ó mọ̀wé kò jókòó sí ilé láti máa kẹ́dùn. Wọ́n tọ àwọn ọlọ́jà lọ, wọ́n kọ́ wọn ní ìwé, wọ́n sì gbọ́ ohun tí ó ń dùn wọ́n. Láti inú èyí ni ẹgbẹ́ àwọn obìnrin Abẹ́òkúta ti jáde ní ọdún 1946. Ní ọdún 1947, ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin jókòó sí iwájú ààfin. Ní ọdún 1948 a dá owó-orí obìnrin dúró. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1949 Aláké Ademola Kejì fi oyè sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kí ó tó padà ní ọdún 1950. A kò mẹ́nu ba èyí láti fi kan ọba. A fẹ́ kí ẹ rí i pé orin, ìjókòó àti ìwé kíkọ ni àwọn obìnrin náà fi jà. Bí ọmọ bá jẹun yó ní Abẹ́òkúta lẹ́yìn ìgbà náà, ó ní ohun tí ó jẹ wọ́n ní gbèsè.

Ẹ̀yin ará, ọdún ti gorí ọdún, ṣùgbọ́n ìyà náà kò tíì lọ. Ní ọjọ́ 15 oṣù kìn-ín-ní ọdọọdún, ìjọba a máa rántí àwọn ọmọ-ogun tí ó kú, nítorí pé ọjọ́ náà ni ogun abẹ́lé tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1967 parí ní 1970. A tú ẹyẹlé sílẹ̀, a fi òdòdó lélẹ̀. Ó dára. Síbẹ̀ ní ọdún 2024 àwọn sójà tí ó ti fẹ̀yìn tì jókòó sí ẹnu ọ̀nà ilé-iṣẹ́ ìjọba tí ń rí sí ètò ìnáwó ní Àbújá, wọ́n ń bèèrè owó wọn. Àwọn baba wa wí pé, ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni.

Ní ti àwọn ọmọ, ìwádìí tí ilé-iṣẹ́ ìṣirò ti ìjọba àpapọ̀ gbé jáde ní ọdún 2022 fi hàn pé ìdá 67.5 nínú 100 àwọn ọmọ Nàìjíríà tí kò tíì pé ọdún 18 ni ó wà nínú òṣì: òṣì oúnjẹ, òṣì ìlera, òṣì ẹ̀kọ́. Ọmọ méjì nínú mẹ́ta nìyẹn. A kò gbọ́dọ̀ sọ pé kò sí ọgbọ́n tí a lè dá sí i. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, nígbà tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ jẹ́ olórí ìjọba Ìwọ̀-oòrùn, a ṣí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́, gbogbo ọmọ tí ó wà ní ilé-ìwé náà ní ọdún yẹn sì ju 800,000 lọ. Ọ̀pọ̀ bàbá àgbà tí ó mọ̀wé lónìí, ibẹ̀ ni ó ti mọ̀ ọ́n. Ohun tí a ti ṣe rí, a lè tún un ṣe.

Àwọn kan yóò wí pé iṣẹ́ ìjọba ni. Iṣẹ́ ìjọba ni lóòótọ́, àwa kò sì ní gbà á kúrò lọ́rùn rẹ̀. Òfin ọdún 2003 lórí ẹ̀tọ́ ọmọ àti ti 2004 lórí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ wà nílẹ̀, ẹ jẹ́ kí a máa fi bèèrè. Ṣùgbọ́n bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Ohun mẹ́ta ni a gbé ka iwájú ẹgbẹ́.

Èkínní: kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan kọ orúkọ gbogbo sójà àtijọ́ àti opó sójà tí ó wà ní àdúgbò rẹ̀ sínú ìwé. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni owó wọn há nítorí ìwé kan tí ó sọnù tàbí fọ́ọ̀mù tí wọn kò lè kà. Kí àwọn ọ̀dọ́ tí ó mọ̀wé bá wọn kọ ọ́, kí wọ́n sì bá wọn lọ títí dé ibi tí a ó ti gbọ́.

Èkejì: kí a ya apá kan nínú èsúsú wa sọ́tọ̀ fún ìwé, aṣọ ilé-ìwé àti oúnjẹ ọ̀sán àwọn ọmọ tí òbí wọn kò ní. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà.

Ẹ̀kẹta: kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ní àgbà mẹ́ta, kí obìnrin wà nínú wọn, tí yóò máa gbọ́ ìjà ilẹ̀, ìjà oyè àti ìjà àgbẹ̀ pẹ̀lú darandaran kí ọ̀rọ̀ tó di ti àdá. Bí Johnson àti Phillips ti rìn, kí àwọn náà rìn.

Iṣẹ́ yìí kò ga ju wa lọ. Àgbẹ̀ kan ní Arakan fi abọ́ oúnjẹ gba ẹ̀mí ọmọ wa là; ẹ wo iye abọ́ tí ó wà nínú gbọ̀ngàn yìí lónìí. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí a tún rí ogun ní ilẹ̀ wa, kí ó jẹ́ kí àwọn tí ó ti rí i gbádùn ìgbà ogbó wọn, kí ó sì jẹ́ kí ọmọ wa jẹun kí ilẹ̀ tó ṣú. Àṣẹ.