Òkun Ti Wà ní Ṣàpọ́n: Bí A Ṣe Lè Fi Omi Iyọ̀ Han Ọmọ Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀

Ọmọ ọdún mẹ́jọ tó ń gbé Ṣàpọ́n ní Abẹ́òkúta lè dàgbà kó má fojú kan òkun rí. Síbẹ̀, òkun wà nínú fírísà ìyá ẹlẹ́ja, ó sì wà lára owó ẹyọ tí ìyá àgbà tọ́jú sínú igbá. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí ń wí ni pé ibẹ̀ gan-an ló yẹ kí olùkọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ìwé tó ń fi àwòrán àbùùbùtán ṣí ẹ̀kọ́ dùn ún wò, àmọ́ àlọ́ ló ń sọ òkun dà létí ọmọ Ẹ̀gbá.

Owó ẹyọ ni kí olùkọ́ kọ́kọ́ gbé lé ọmọ lọ́wọ́. Kí ọmọ yí i padà, kó fìka kan àwọn eyín wẹ́wẹ́ tó tò sí ẹnu rẹ̀. Ilé ni nǹkan yìí. Ẹran òkun kan tó bá ìgbín tan ló kọ́ ọ, tó sì gbé inú rẹ̀ nínú omi tí kò jìn, lẹ́bàá erékùṣù Maldives ní Òkun Íńdíà. Nígbà tó wà láàyè, ẹran náà a máa na awọ ara rẹ̀ jáde bo ẹ̀yìn ilé. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀yìn owó ẹyọ fi ń dán bí ohun tí wọ́n fi epo pa. Ọkọ̀ òyìnbó kó o dé etíkun wa, àwọn baba ńlá wa sì fi ń ná ọjà. 20,000 rẹ̀ ló ń wọ àpò kan, òun la ṣì ń pè ní ọ̀kẹ́ kan nínú òǹkà. Olùkọ́ ìṣirò náà rí tiẹ̀ mú níbẹ̀.

Ẹja ló kàn. Òkun tútù ní àríwá Atlantic ni títùs ti ń wá. Ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú bí aró, ó ní ìlà. Ikùn rẹ̀ sì funfun. Ẹyẹ tó bá wò ó látòkè, omi dúdú ló máa rí. Ẹja ńlá tó bá wò ó látìsàlẹ̀, á rò pé ìmọ́lẹ̀ ojú ọ̀run ni. Ọmọ tó bá gbé títùs dání kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣàlàyé bí ẹja ṣe ń sá pamọ́. Ti akàn yàtọ̀: ẹrẹ̀ ló ń gbẹ́, létí ọ̀sà tí igi ẹ̀gbà ti ń ta gbòǹgbò sínú omi, níbi tí ọmọ ẹja àti edé ti ń dàgbà.

Iyọ̀ ńkọ́? Kí omi lè níyọ̀ bíi ti òkun, kí wọ́n po ṣíbí tíì mẹ́fà mọ́ lítà omi kan, ìyẹn bíi ọ̀rá píọ̀ wọ́tà méjì. Kí wọ́n tọ́ ọ wò, kí wọ́n tu ú dànù.

Jíjìn òkun ló máa ń ya ọmọdé lẹ́nu jù. Orí àpáta Olúmọ fi mítà 137 ga ju ojú òkun lọ. Bí èèyàn bá wọ inú òkun ní 200 mítà, oòrùn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ibi tó jìn jù ní Pàsífíìkì sì sún mọ́ 11,000 mítà, bí ìgbà tí wọ́n to gíga Olúmọ yẹn léra lọ́nà ọgọ́rin! Nínú òkùnkùn ìsàlẹ̀ òkun, àwọn ẹja kan ń gbé iná tiwọn kiri lórí.

Àwọn àgbà Abẹ́òkúta mọ̀ pé odò àti òkun kò jìnnà síra. Yemọja, Yèyé ọmọ ẹja, ló ni Odò Ògùn. Nígbà tí orúkọ rẹ̀ dé Brazil, òkun ló di tirẹ̀. Ní Salvador, gbogbo ọjọ́ kejì oṣù Kejì ni wọ́n ń gbé òdòdó fún un létíkun.

Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà tí wọ́n bá jù sí gọ́tà náà mọ ọ̀nà odò dé òkun. Ìjàpá òkun máa ń gbé ọ̀rá mì, torí ó jọ ẹran òkun jẹ̀lẹ̀jẹ̀lẹ̀ tó máa ń jẹ. Nítorí náà, ewé ni kí olùkọ́ fún àwọn ọmọ ní etí odò Ṣokorí. Kí wọ́n jù ú sómi, kí wọ́n sì kọ orúkọ ibi tó máa gbà sínú ìwé wọn: Ṣokorí, Odò Ògùn, Ìṣẹ̀rí, ọ̀sà Èkó, òkun.