Bí Ọkàn Ará Ilé Ẹni Bá Rẹ̀wẹ̀sì

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àgbà sọ ní Ọ̀dẹ̀dá

Ẹni tí ó ti oko dé, tí ó wẹ ẹsẹ̀, tí ó tún mú ìwé lọ́wọ́, iṣẹ́ akọni ni ó ṣe.

Ọ̀rọ̀ inú ilé ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí. Gbogbo wa ni a mọ bí a ti ń tọ́jú ẹni tí ibà ń ṣe. A ó fi ọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀ wò, a ó se àgbo, a ó ra oògùn. Bí ẹsẹ̀ ènìyàn bá ṣẹ́, a ó gbé e lọ sí ibi tí wọn yóò ti bá a tò ó. Kò sí ẹni tí yóò sọ fún un pé, "Dìde ńlẹ̀ jàre, ọ̀lẹ ni ọ́." Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ọkàn ni ó ń ṣàìsàn ńkọ́? Ohun tí a máa ń sọ fún un gan-an nìyẹn.

Èmi náà ti sọ ọ́ rí. Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ rẹ̀ fún yín.

Mo ní àbúrò kan. Iṣẹ́ káfíńtà ni ó ń ṣe. Bí ó bá ń rẹ́ pákó, orin ni yóò máa kọ. Ní ọdún kan, orin náà dákẹ́. Kò pẹ́, iṣẹ́ náà dúró. A jókòó sí ẹ̀yìn ilé láti àárọ̀ títí oòrùn yóò fi wọ̀. Oúnjẹ tí ìyàwó rẹ̀ bá gbé fún un, eṣinṣin ni ó ń jẹ ẹ́. Lóru, kì í sùn. Bí àkùkọ bá kọ, ojú rẹ̀ ti là sílẹ̀ tipẹ́.

Ọ̀gá ilé-ìwé ni mo jẹ́ nígbà náà. Ẹ mọ bí àwa tíṣà ti rí: ìbáwí ni a fẹ́ fi wo gbogbo nǹkan sàn. Mo lọ bá a. Mo ní, "Ojú kò tì ọ́? Àwọn ẹgbẹ́ rẹ ń kọ́lé, ìwọ ń ka ewé orí igi. Ṣé ìyàwó ni yóò máa bọ́ ọ?" Kò dá mi lóhùn. Ilẹ̀ ni ó ń wò. Mo padà sílé, mo rò pé mo ti ṣe iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n.

Ní alẹ́ ọjọ́ kejì, ìyá wa ránṣẹ́ pè mí. Ìyá wa kò mọ ìwé. Ó ní, "Ọmọ mi, ọ̀lẹ a máa jẹun, ọ̀lẹ a sì máa sùn. Èyí kò jẹ, kò sùn. Àìsàn ni." Ó wá rọ ohùn sílẹ̀. Ó ní àbúrò mi sọ fún òun pé ayé ti sú òun, pé ì bá sàn kí òun má sí mọ́. Láti alẹ́ tí ó ti sọ ọ̀rọ̀ náà ni ìyá wa ti ń tẹ́ ẹní rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà yàrá àbúrò mi. Mo gbọ́ bẹ́ẹ̀, ara mi bù máṣọ. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà nínú apó. Ọfà ni èmi ti ta, mo sì ta á lu ẹni tí ó ti gbọgbẹ́.

Ẹ̀yin ará, kí ni àìsàn yìí? Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ni a ń pè é. Kì í ṣe ìbànújẹ́ lásán. Bí ènìyàn wa bá kú, a ó sunkún. Bí ọjà kò bá tà, ojú wa yóò fà ro. Ṣùgbọ́n bí ọjọ́ ti ń lọ, ara yóò máa tù wá. Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá, tí inú ènìyàn bàjẹ́ lójoojúmọ́, tí ohun tí ó ti ń dùn mọ́ ọn kò dùn mọ́ ọn mọ́, tí oorun kò wá, tí oúnjẹ kò lọ, tí ara rẹ̀ wúwo bí ẹni ru àpò gàrí, tí ó ń sọ pé òun kò wúlò fún nǹkan kan, ẹ fura. Àwọn mìíràn yóò máa sọ pé orí ń fọ́ àwọn, tàbí pé ooru ń gba inú orí àwọn. Àwọn mìíràn yóò kàn máa bínú. Ìyá ọlọ́mọ titun lè ní i, tí yóò máa sunkún bí ó ti ń fún ọmọ lọ́mú. Ẹ má sọ pé aláìmoore ni. Àìsàn ni.

Nígbà kan rí, àwọn dókítà òyìnbó kan kọ ọ́ sínú ìwé pé àìsàn yìí kò wọ́pọ̀ láàárín àwa aláwọ̀ dúdú. Ilẹ̀ Ẹ̀gbá wa níhìn-ín wà lára ibi tí a ti já wọn nírọ́. Ní 1961, àwọn dókítà láti Àró àti láti Amẹ́ríkà lọ sí àwọn abúlé tó wà ní agbègbè Abẹ́òkúta. Wọ́n jókòó ti àwọn ará oko, wọ́n bi wọ́n ní ìbéèrè. Wọ́n rí i pé Yorùbá kò ní orúkọ kan ṣoṣo fún àìsàn náà, ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn mọ àmì rẹ̀ dáadáa, ó sì wà láàárín wọn. Ní 1963 ni wọ́n tẹ ìwé náà jáde. Lónìí, Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ó ju mílíọ̀nù 300 ènìyàn lọ tí àìsàn yìí ń bá jà ní gbogbo ayé. Nítorí náà, bí ó bá wọ ilé yín, kì í ṣe ilé yín nìkan ni ó wọ̀.

Mo dárúkọ Àró, mo sì rí i pé ẹlòmíràn ń rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀. Bí a bá fẹ́ bú ènìyàn, a ó ní kí ó lọ sí Àró. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí Àró jẹ́ fún yín, kí ẹ lè fi yangàn.

Ọmọ bíbí Abẹ́òkúta ni Dókítà Adéoyè Lámbò. A bí i ní 1923. Ó kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn ní ìlú ọba, ó sì padà wá sílé. Ní 1954, nígbà tí a kò tíì kọ́ ọsibítù Àró tán, ó bẹ̀rẹ̀ nǹkan titun kan. Kò ti àwọn aláìsàn mọ́lé. Ó lọ bá àwọn ará abúlé tó yí ọsibítù ká, ó ní kí wọ́n gba àwọn aláìsàn sílé, a ó sì máa san owó ilé. Ní òwúrọ̀, aláìsàn yóò lọ gba ìtọ́jú lọ́sibítù. Lọ́sàn-án, yóò padà sí abúlé, yóò bá wọn ṣe iṣẹ́, yóò bá wọn ṣeré.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí Dókítà Lámbò kò gbọ̀jẹ̀gẹ́ lé lórí. Aláìsàn kò gbọdọ̀ dá wá. Ìyá rẹ̀ ni o, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni o, ó kéré tán, ará ilé kan gbọ́dọ̀ bá a wá, kí ó máa se oúnjẹ fún un, kí ó máa fọ aṣọ rẹ̀, kí ó sì máa sìn ín lọ sí ọsibítù. Láti ìlú òkèèrè ni àwọn oníṣègùn ti wá wo ètò yìí. Láti 1973 sí 1988, Lámbò ni igbákejì olórí Àjọ Ìlera Àgbáyé. Ó kú ní 2004. Ohun tí ó fi hàn wá nìyí: ará ilé náà wà lára oògùn.

Báwo ni ará ilé ṣe lè jẹ́ oògùn? Ẹ gbọ́.

Èkíní, ẹ jókòó tì í. Kò di dandan kí ẹ sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹ má sọ pé, "Ṣara gírí, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ìyà ń jẹ jù ọ́ lọ." Ẹ sọ pé, "Mo rí i pé ara rẹ kò yá. Mo wà pẹ̀lú rẹ."

Èkejì, ẹ fi nǹkan kékeré bẹ̀rẹ̀. Ẹ ní, "Jẹ́ kí a jọ rìn dé ìdí ọ̀pẹ yẹn." Ẹ ní, "Bá mi ṣa ẹ̀gúsí yìí." Bí ó bá ṣe díẹ̀, ẹ kí i kú iṣẹ́.

Ẹ̀kẹta, ẹ mú un lọ sí ilé ìlera, kí ẹ sì bá a lọ. Bí a bá fún un ní oògùn, ẹ mọ̀ pé oògùn náà kì í ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ kan. Ó lè tó ọ̀sẹ̀ méjì, mẹ́ta, mẹ́rin kí ara tó bẹ̀rẹ̀ sí í yá. Bí ara bá sì yá, kí ó má dá a dúró fúnra rẹ̀. Dókítà ni yóò sọ ìgbà.

Ẹ̀kẹrin, bí ẹ bá fẹ́ gbàdúrà, ẹ gbà á. Ṣùgbọ́n kí àdúrà àti oògùn jọ máa lọ. Ibì kan tí a kọ́kọ́ gbé àbúrò mi lọ, ààwẹ̀ ọjọ́ méje ni wọ́n ní kí ó gbà. Ẹni tí kò jẹun tẹ́lẹ̀! Díẹ̀ ni ó kù kí a pàdánù rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni na aláìsàn tàbí kí ó dè é mọ́lẹ̀. Ní oṣù kìíní 2023, ìjọba àpapọ̀ fi ọwọ́ sí òfin titun lórí ìlera ọpọlọ, tí ó rọ́pò òfin àtijọ́ ti ayé òyìnbó. Ẹ̀tọ́ aláìsàn ni pé kí a tọ́jú rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

Ẹ̀karùn-ún ni ó ṣe pàtàkì jù. Bí ó bá sọ pé ayé sú òun, ẹ má pè é ní àwàdà. Ẹ bi í ní gbangba pé, "Ṣé o ń rò láti pa ara rẹ?" Ìbéèrè náà kò ní kọ́ ọ ní ohun tí kò rò tẹ́lẹ̀. Àánú ni yóò rí nínú rẹ̀. Ẹ kó oògùn kòkòrò, oògùn eku àti okùn kúrò nítòsí rẹ̀. Ẹ má fi í sílẹ̀ ní òun nìkan. Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà gan-an.

Ẹ̀kẹfà, ẹ tọ́jú ara yín. Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí. Nígbà tí ó rẹ ìyá wa, èmi ni mo gba ẹní náà, mo sì sùn lẹ́nu ọ̀nà yàrá náà. Ibẹ̀ ni mo ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àbúrò mi.

Àró ni a gbé e lọ níkẹyìn. Ọ̀sẹ̀ kẹta tí ó ti ń lo oògùn, ó béèrè ọbẹ̀ sí i. Ìyàwó rẹ̀ sá lọ sí ẹ̀yìn ilé, ó sunkún ayọ̀. N kò ní purọ́ fún yín: ọjọ́ kan ṣì máa ń wúwo fún un ju ọjọ́ kejì lọ. Ṣùgbọ́n ó mọ ẹni tí yóò pè.

Òun fúnra rẹ̀ ni ó ní kí n sọ ọ̀rọ̀ yìí fún yín. Àwọn tábìlì tí ẹ gbé ìwé yín lé nínú kíláàsì yìí, òun ni ó kàn wọ́n. Orin ni ó ń kọ nígbà tí ó ń kàn wọ́n.

Ẹ mú ìwé yìí lọ sílé. Ẹ kà á fún ẹni tí kò tíì mọ̀ ọ́n kà. Bí ẹnì kan bá dákẹ́ jù nínú ilé yín, ẹ gbé àpótí, kí ẹ lọ jókòó tì í.

Ó dìgbà kan ná o.