Ṣaworo Ẹsẹ̀ Neela

Ọ̀rọ̀ sinimá kan ni mo gbé tọ̀ yín wá, èyí tí àwọn ará Íńdíà ṣe ní èdè Hindi ní 1955. Jhanak Jhanak Payal Baaje ni orúkọ rẹ̀. Ẹni tí ó bá ti rí oníjó tí ó so ṣaworo mọ́ ẹsẹ̀ rí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ ìtumọ̀ rẹ̀ ná: ìró ṣaworo bí ó ti ń dún ni. V. Shantaram ni ó darí rẹ̀, Vasant Desai ni ó sì ṣe orin inú rẹ̀.

Ijó Kathak, ijó àwọn ará àríwá Íńdíà, ni ìdí ọ̀rọ̀ náà. Oníjó a máa so ṣaworo tí ó tó ọgọ́rùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ mọ́ ẹsẹ̀ kan. Bí onílù tabla bá sì ti lù ú ni ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ dá a lóhùn. Ẹ̀yin tí ẹ ti jó sí bàtá rí yóò mọ ohun tí mò ń wí.

Mangal, àgbà olùkọ́ ijó, ń kọ́ Girdhar ọmọ rẹ̀ nítorí ìdíje ńlá kan. Ó bá ọmọbìnrin olówó kan, Neela, níbi tí ó gbé ń jó nínú ilé ńlá, ó sì wí lójú gbogbo ènìyàn pé èyí kì í ṣe ijó. Nígbà tí Girdhar jó tirẹ̀, Neela mọ̀ pé òótọ́ ni bàbá wí. Ó bẹ̀ ẹ́ kí ó gba òun ní ọmọ iṣẹ́. Bàbá gbà, ṣùgbọ́n ó ní ijó nìkan ni kí ó fi ọkàn sí.

Ẹ rò ó wò ná. Ẹ ní kí ọ̀dọ́ méjì máa jó pọ̀ lójoojúmọ́, kí wọ́n máa ṣe bí olólùfẹ́ nínú ijó, kí ojú máa bá ojú sọ̀rọ̀. Ẹ sì tún ní kí ọkàn wọn má gbọ́!

Nígbà tí àṣírí tú, bàbá fara ya. Èmi kò lè dá a lẹ́bi tán, nítorí iṣẹ́ ìdílé ni ó ń ṣọ́. Neela fúnra rẹ̀ ni ó ṣe bí ẹni pé olówó kan ni ó wu òun, kí Girdhar lè kórìíra òun, kí ó sì gbájú mọ́ ijó. Ó bẹ́ sómi, wọ́n yọ ọ́, ó sì wọ aṣọ ẹlẹ́sìn. Ní ọjọ́ ìdíje, ẹni tí ń bá Girdhar jó gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀, ó sì fi í sílẹ̀ láàárín ijó. Neela ni ó jáde wá bá a parí rẹ̀. Wọ́n borí, bàbá sì yọ̀ǹda wọn fún ara wọn.

Àwàdà inú rẹ̀ gùn jù létí mi, àwọ̀ rẹ̀ sì pọ̀ bí ti ọjà aláṣọ. Síbẹ̀ ó gba ẹ̀bùn Filmfare fún sinimá tí ó dára jù. Gopi Krishna tí ó ṣe Girdhar, ìdílé oníjó Kathak ni ó ti wá. Ṣùgbọ́n Sandhya tí ó ṣe Neela kì í ṣe oníjó tẹ́lẹ̀. Nítorí sinimá yìí ni ó ṣe kọ́ ijó, Gopi Krishna gan-an ni ó sì kọ́ ọ. Bí ẹ bá rí i, ẹ má wo ojú rẹ̀ nìkan; ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀.