Ẹ̀rọ Ìkàwé àti Ọmọ Tí Ó Ń Gbẹ́yìn



Àwọn ọmọ kan ń bẹ tí wọn jókòó ní kíláàsì fún ọdún mẹ́ta, mẹ́rin, tí ìwé kò sì yé wọn. Olódo ni a ń pè wọ́n. Èmi kò fara mọ́ orúkọ náà. Olùkọ́ kan ṣoṣo níwájú ọgọ́ta ọmọ kò lè dúró de ẹni tí ó kọsẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ábídí kò tíì yé ń tẹ̀lé ẹgbẹ́ rẹ̀ bí ẹni tí ń rìn nínú òkùnkùn.

Ní ẹkùn Tanga, ní ilẹ̀ Tanzania, láti ìparí ọdún 2017 títí di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2019, a kó ẹ̀rọ pẹlẹbẹ, bíi síléètì àtijọ́, fún àwọn ọmọdé ní abúlé 170. Agbára oòrùn ni ó ń fún un ní iná, èdè Swahili ni ó sì ń sọ. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kì í bínú: bí ọmọ bá ṣi lẹ́tà kan pè, yóò tún un pè sí i létí, bí ó bá mọ̀ ọ́n, yóò sún un síwájú. Ṣáájú ìdánwò náà, ó ju 90 lọ nínú 100 ọmọ tí kò lè ka ọ̀rọ̀ Swahili kan. Lẹ́yìn oṣù 15, iye wọn dín sí ìdajì. Ẹ kíyè sí i, ìdajì ni; àwọn tí ó kù ṣì ń fẹ́ olùkọ́.

Èdè tí ọmọ ń gbọ́ ní àyíká rẹ̀ ni ọ̀pá ìtìlẹ́yìn irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Èyí kò ṣàjèjì sí wa: ní ọdún 1970, ní St. Stephen's, Modákẹ́kẹ́, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún 6. Àwọn ọmọ náà ta yọ àwọn ẹgbẹ́ wọn, àní nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì pàápàá.

Ṣùgbọ́n Swahili kò ní ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ bíi tiwa. Bí ẹ̀rọ bá kọ “oko” síwájú ọmọ láìsí àmì kankan, ṣé oko tí baba rẹ̀ ń dá ni, tàbí ọkọ́ tí a fi ń ro ó, tàbí ọkọ̀ tí ń kó ìkórè rẹ̀ lọ sí ọjà? Ọmọ tí ń tiraka ni irú ìwé bẹ́ẹ̀ yóò kọ́kọ́ ṣì lọ́nà.

Nítorí náà ni mo fi ń bẹ̀ yín, ẹ̀yin olóyè: bí a bá mú ẹ̀rọ kan wá kí ẹ náwó lé e lórí fún ilé-ìwé yín, ẹ ní kí a kọ́kọ́ ṣí i níwájú yín. Ẹ wo àmì orí ọ̀rọ̀ rẹ̀, ẹ gbọ́ ohùn tí ó fi ń pè é. Bí kò bá sí àmì, ẹ dá a padà.