Ọgbà Ẹ̀fọ́ Ìgbà Ẹ̀ẹ̀rùn ní Òkè Jos

Nígbà tí ọyẹ́ bá mú, tí koríko gbẹ, tí eruku sì bo ojú ọ̀nà, ẹni tí ó bá wọ ọjà ní Èkó, ní Port Harcourt tàbí ní Àbújá yóò ṣì rí kábéèjì, kárọ́ọ̀tì, létúùsì àti ẹ̀wà tútù lórí àtẹ. A máa ń ná wọn, a máa ń rà wọ́n, a sì ń kó wọn relé láìbéèrè ibi tí wọ́n ti wá. Òkè Jos, ní Ìpínlẹ̀ Plateau, ni púpọ̀ nínú wọn ti wá. Ọ̀rọ̀ àwọn ọgbà kéékèèké tí a ti ń gbìn wọ́n ni a fẹ́ bá yín sọ, àti ohun tí ó gbé àwọn ọgbà náà ró. Omi ni ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò kọ́kọ́ dárúkọ, wọn kò sì jayò pa. Ṣùgbọ́n ohun kan ṣáájú omi, àlàáfíà ni.

Òkè Jos ga tó nǹkan bí 1,200 mítà ju ojú òkun lọ. Nítorí èyí, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ tutù ju ti pẹ̀tẹ́lẹ̀ tí ó yí i ká lọ, àwọn ẹ̀fọ́ tí ó fẹ́ràn òtútù sì ń ṣe dáadáa níbẹ̀. Ní ti omi ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, iṣẹ́ ìwakùsà tánganran ni ó fi púpọ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún ni àwọn ilé-iṣẹ́ òyìnbó ti ń wa ilẹ̀ náà. Láàárín 1942 àti 1944, nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ìjọba amúnisìn fi ipá kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọkùnrin lọ sí ibi ìwakùsà náà. Ní 1985, iye owó tánganran já lulẹ̀ ní ọjà àgbáyé, iṣẹ́ tí ó ti ń rẹ̀yìn tẹ́lẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kú tán. Ohun tí ó kù ni òkìtì iyẹ̀pẹ̀ àti kòtò ńláńlá tí òjò ti kún di adágún. Ọgbẹ́ ni àwọn kòtò wọ̀nyí lára ilẹ̀. Ènìyàn ti kú sínú wọn, títí kan àwọn ọmọdé. Síbẹ̀, àwọn àgbẹ̀ rí i pé omi tí kì í tètè gbẹ wà nínú ọgbẹ́ náà. Wọ́n gbé ẹ̀rọ tí ń fa omi sí etí rẹ̀, wọ́n sì la ilẹ̀ yí i ká. Ibi tí a ti ń wa kùsà rí ni a ti ń wá oúnjẹ nísinsìnyí.

Ẹ jẹ́ kí a tẹ̀lé irú ọgbà bẹ́ẹ̀ láti òpin òjò kan dé ìbẹ̀rẹ̀ òmíràn. Ní oṣù kẹwàá, bí òjò ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, àgbẹ̀ yóò fọ́n irúgbìn tòmátì, kábéèjì àti létúùsì sí orí ebè kékeré kan, yóò fi koríko gbígbẹ bò ó, yóò sì máa bu omi wọ́n ọn. Kárọ́ọ̀tì ní tirẹ̀ kò fẹ́ kí a tu òun. Ibi tí yóò dàgbà sí náà ni a ti ń gbìn ín. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà, a óò tu àwọn ọ̀gbìn kéékèèké náà, a óò sì tún wọn gbìn sí ilẹ̀ tí a ti pín sí ojú-ojú, tí a fi erùpẹ̀ mọ odi kúkúrú yí ojú kọ̀ọ̀kan ká. Bí omi bá ti ẹnu ẹ̀rọ jáde, ipa tóóró tí a ti gbẹ́ fún un ni yóò gbà. Àgbẹ̀ yóò fi ọkọ́ ṣí ẹnu ojú kan. Bí ìyẹn bá ti mu tó, yóò dí i, yóò ṣí èkejì, títí gbogbo ọgbà yóò fi mu omi tán.

Ní oṣù kejìlá àti oṣù kìíní, òwúrọ̀ a máa tutù gidigidi, kábéèjì a sì máa ká orí rẹ̀ jọ le koko. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ọyẹ́ kan náà ni ó ń fa omi kúrò nínú ilẹ̀, nítorí náà ọgbà kò gbọdọ̀ ju ọjọ́ díẹ̀ lọ láìmu omi. Nígbà tí ìkórè bá dé, ọjà Farin Gada ní Jos a kún fún agbọ̀n tòmátì àti àpò ẹ̀fọ́, àwọn ọkọ̀ akẹ́rù a sì máa kó wọn lọ sí ọ̀nà jíjìn. Ní nǹkan bí oṣù kẹrin, omi adágún a ti lọ sílẹ̀, òjò a sì bẹ̀rẹ̀. Nígbà náà ni àgbàdo, acha tí í ṣe ọkà wẹ́wẹ́, àti ọ̀dùnkún òyìnbó yóò gba ilẹ̀. Ìgbà òjò náà ní ewu tirẹ̀. Ní 2014, àrùn kan tí ń jẹ ewé àti ìdí ọ̀dùnkún òyìnbó rà ba ọ̀pọ̀ oko jẹ́ ní Plateau. Irú àrùn kan náà ni ó dá ìyàn ńlá sílẹ̀ ní ilẹ̀ Ireland láti 1845.

Bí a bá wo ọgbà yìí dáadáa, a óò rí i pé kò sí ẹni tí ó lè dá a ṣe. Ó lè jẹ́ pé ìdílé Berom ni ó ni ilẹ̀. Ó lè jẹ́ pé Hausa ni ẹni tí ó yá a, nítorí àwọn Hausa wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ mú iṣẹ́ ọgbà ẹ̀ẹ̀rùn gbajúmọ̀ ní òkè náà, kí àwọn onílẹ̀ fúnra wọn tó wọ̀ ọ́ lọ́pọ̀lọpọ̀. Ìgbẹ́ màlúù tí ó ń sọ ilẹ̀ dọ̀tun ti ọwọ́ Fúlàní wá. Eérú ààtàn ìlú, tí a ń pò mọ́ ọn, ti àárín ìgboro wá. Nígbà tí a bá sì kórè tán, màlúù a wọ inú ọgbà láti jẹ ewé tí ó ṣẹ́kù. Ọgbà bọ́ màlúù, màlúù bọ́ ọgbà. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn àdéhùn wọ̀nyí, ẹlòmíràn kò sì ju ẹ̀ẹ̀rùn kan ṣoṣo lọ.

Irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ tó nígbà tí ọkàn bá balẹ̀. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹsàn-án 2001, ìjà ẹ̀yà òun ẹ̀sìn bẹ́ sílẹ̀ ní Jos, ẹ̀mí púpọ̀ sì ṣòfò. Ní oṣù karùn-ún 2004, ìjọba àpapọ̀ kéde ipò pàjáwìrì ní Plateau fún oṣù mẹ́fà. Láti ìgbà náà, ìdààmú ti padà wá léraléra. Nígbà tí a bá ń sọ irú ìròyìn bẹ́ẹ̀, òkú àti ilé tí ó jóná ni a máa ń kà, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí kò sí ohun tí ó tó ẹ̀mí ènìyàn. Ṣùgbọ́n ìparun mìíràn wà tí kì í pariwo. Bí ìjọba bá ní kí onílé gbélé, tàbí bí ẹ̀rù kò bá jẹ́ kí àgbẹ̀ gba àdúgbò ẹlòmíràn kọjá, ọgbà rẹ̀ kò ní dúró dè é. Bí ọ̀sẹ̀ kan bá kọjá láìsí omi, iṣẹ́ oṣù mẹ́ta lè gbẹ, gbèsè irúgbìn àti ti epo ẹ̀rọ nìkan ni yóò sì kù sí i lọ́rùn.

A kò gbọdọ̀ di ẹ̀bi náà ru ẹ̀yà kan. Òtítọ́ ni pé darandaran mìíràn a máa da màlúù sínú ọgbà tí a kò tíì kórè. Òtítọ́ sì ni pé àgbẹ̀ mìíràn a máa gbin ẹ̀fọ́ dé etí omi gan-an, títí kò fi ní sí àyè tí màlúù yóò gbà dé ibi tí ó ti ń mumi láti ìgbà àwọn baba wọn. Omi kan náà ni àwọn méjèèjì ń wá nínú ẹ̀ẹ̀rùn kan náà.

Kí ni ṣíṣe? Lójú tiwa, kí a kọ àdéhùn ilẹ̀ àti omi sílẹ̀ níwájú baálẹ̀ àti ẹlẹ́rìí, kí ó sì jẹ́ fún ọdún mélòó kan, kí ẹni tí ó yá ilẹ̀ lè fi ọkàn tọ́jú rẹ̀. Kí àgbẹ̀ àti darandaran jọ fi òkúta sàmì sí ọ̀nà màlúù dé etí omi kí a tó fọ́n irúgbìn. Bí ọgbà bá bàjẹ́, kí àwọn àgbà ìhà méjèèjì jọ díye lé e láàárín ọjọ́ díẹ̀, kí a sanwó rẹ̀, kí ìbínú má baà rí àyè gbó. Ní ti ìjọba, kí ó sé àwọn kòtò tí ó jìn jù, kí ó sì ran àgbẹ̀ kékeré lọ́wọ́ láti rí ẹ̀rọ tí ń fi agbára oòrùn fa omi, nítorí owó epo bẹntiróòlù ti ga gidigidi láti ìgbà tí a ti yọ owó ìrànwọ́ rẹ̀ ní 2023.

Àwa tí ó wà ní ìlú ńlá pẹ̀lú ní ipa tiwa. Bí ìròyìn ìjà bá ti Òkè Jos wá, kí a má ṣe kà á sí ọ̀ràn àwọn ará ọ̀nà jíjìn, kí a má sì ṣe gbé àhesọ tí ń dá kún iná kiri. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Ọwọ́ Berom, ti Hausa àti ti Fúlàní ni ó jọ gbé ẹ̀fọ́ náà dé inú ìkòkò wa. Bí wọ́n bá túká, omi lè kún adágún dẹ́nu, àtẹ ọjà yóò ṣófo síbẹ̀.