Ìwé Ìyọ̀ǹda Tó Wà Nísàlẹ̀ Báàgì Ọmọ

  Wọ́n ní kí n bá àpéjọ ẹgbẹ́ Yorùbá wa yìí sọ̀rọ̀ lórí ìlera ọmọ. Nọ́ọ̀sì ni mí, nínú yàrá kan ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọba ní Bronx ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ibi tí mo mọ̀ yẹn náà ni n ó ti bá yín sọ̀rọ̀.

Ọ̀pọ̀ nínú yín ni ọmọ yín ń gba iwájú irú yàrá bẹ́ẹ̀ kọjá lójoojúmọ́ tí ẹ kò mọ̀ pé ó wà. Tiwa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí àwọn ọmọ ti ń jẹun. Bẹ́ẹ̀dì àyẹ̀wò wà níbẹ̀, fíríìjì abẹ́rẹ́ àjẹsára wà níbẹ̀, àga dókítà eyín wà ní kọ̀rọ̀, òṣìṣẹ́ tó ń gbọ́ ẹ̀dùn ọkàn àwọn ọmọ sì ní yàrá kékeré tirẹ̀ tí ìlẹ̀kùn rẹ̀ ń tì dáadáa. Ẹ má rò pé yàrá nọ́ọ̀sì tí wọ́n ti ń lẹ báńdéèjì mọ́ orúnkún ni mò ń sọ. A máa ń yẹ ọmọ wò látorí dé àtẹ́lẹsẹ̀, a máa ń gún un lábẹ́rẹ́, a máa ń kọ oògùn fún un. Ní ìpínlẹ̀ New York, ọsibítù tàbí ilé ìwòsàn tó ní ìwé àṣẹ ìjọba ló gbọ́dọ̀ máa darí irú kílíníìkì bẹ́ẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ kàn fún un láyè ni. Òbí kì í san kọ́bọ̀ lọ́dọ̀ wa. Bí ọmọ bá ní íńṣọ́ránsì tàbí Medicaid, ètò ìlera ìjọba fún ẹni tí owó kò tó lọ́wọ́ rẹ̀, ibẹ̀ la ti ń gbowó. Bí kò bá ní, ìtọ́jú kan náà ló máa gbà. A kì í béèrè ìwé ìgbélùú lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Mo rí i pé orí àwọn kan gbé sókè bí mo ṣe sọ ìyẹn.

Nígbà òtútù, wọ́n mú ọmọkùnrin kan wá bá wa, ikọ́ fée ti dé sí i. Èjìká rẹ̀ ń lọ sókè sódò, awọ abẹ́ ọrùn rẹ̀ ń wọnú bó ṣe ń mí, kò lè parí gbólóhùn kan. A fi ìbòjú bò ó nímú lẹ́nu, ẹ̀rọ ń sọ oògùn di ikùukùu, ó ń fà á sínú. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ó yọ ìbòjú náà kúrò, ó ní ṣé wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ìdánwò ìṣirò ni. Ó padà sí kíláàsì kí wọ́n tó lu aago oúnjẹ. Ìyá rẹ̀ ń tọ́jú arúgbó kan ní Queens, orí fóònù la ti bá a sọ̀rọ̀, kò fi ibi iṣẹ́ sílẹ̀.

Láìpẹ́ sígbà náà, wọ́n mú ọmọ mìíràn wá, àìsàn kan náà. Ọmọ Yorùbá ni. Òbí rẹ̀ kò buwọ́ lu ìwé ìyọ̀ǹda tó máa jẹ́ ká lè tọ́jú rẹ̀. Láìsí ìwé yẹn, ìtọ́jú pàjáwìrì nìkan ni òfin gbà wá láyè láti ṣe fún irú àìsàn bẹ́ẹ̀: a ràn án lọ́wọ́ kó lè mí, a pe áńbúláǹsì. Ìyá rẹ̀ sá kúrò níbi iṣẹ́, òun àti ọmọ jọ jókòó sí ẹ̀ka pàjáwìrì títí ilẹ̀ fi ṣú. Nígbà tí a ń tú báàgì ọmọ náà láti wá nọ́ńbà ìyá rẹ̀, a rí ìwé ìyọ̀ǹda ọdún náà nísàlẹ̀, epo oúnjẹ ti ta sí i lára.

Ìwé yẹn ni mo bá wá. Ohun kékeré ni, àmọ́ òun ló wà láàárín ọmọ wa àti ìtọ́jú tí wọ́n ti sanwó rẹ̀ sílẹ̀.

Kì í ṣe àánú ni wọ́n ń ṣe wá o. Ọmọ àwọn àlejò bíi tiwa ni wọ́n dá ìtọ́jú inú ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fún láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1902, ní New York, Lillian Wald, olórí àwọn nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú àwọn tálákà níbẹ̀, yá ìlú ní ọ̀kan nínú wọn tó ń jẹ́ Lina Rogers, fún oṣù kan péré. Àwọn dókítà ìjọba ti ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ṣáájú ìgbà náà, àmọ́ iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n lé ọmọ tó ní àrùn ojú, làpálàpá tàbí iná orí lọ sílé. Kò sẹ́ni tó ń wò wọ́n. Ọmọ Júù àti ti ará Ítálì ló pọ̀ jù, òbí wọn kò gbédè ìlú, wọ́n sì ń ránṣọ láti àárọ̀ dalẹ́. Rogers ń tọ́jú àwọn ọmọ náà ní ilé ẹ̀kọ́, ó tún ń tẹ̀lé wọn délé lọ fi bí wọ́n ṣe ń lo oògùn han ìyá wọn. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1902, ọmọ 10,567 ni wọ́n lé sílé. Nígbà tí oṣù kẹsàn-án ọdún 1903 pé, ó ti wálẹ̀ sí 1,101.

Nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ náà di ti kílíníìkì bíi tiwa. Ní 1967, Philip Porter, dókítà ọmọdé ní Cambridge, Massachusetts, gbé nọ́ọ̀sì tó láṣẹ láti wo àìsàn wọ inú ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Dallas tẹ̀lé e ní 1970. Ti St. Paul ní Minnesota, ní 1973, ló kọ́ wa lọ́gbọ́n jù. Ọ̀rọ̀ oyún àti ìfètòsọ́mọbíbí nìkan ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan níbẹ̀. Àwọn ọmọ kò yọjú, torí ẹni tó bá ti wọlé, gbogbo kíláàsì ti mọ ohun tó bá wá. Ìgbà tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ àjẹsára, àyẹ̀wò eré ìdárayá àti ìtọ́jú àìsàn gbogbo kún un ni èrò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, torí kò sẹ́ni tó lè fi wíwọlé ọmọ mọ àṣírí rẹ̀ mọ́. Irú kílíníìkì bẹ́ẹ̀ ti lé ní 3,000 ní Amẹ́ríkà báyìí.

Mo dárúkọ àṣírí. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ tán. Àwọn òbí wà láàárín wa tí ọmọ wọn ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, tí wọn kò sọ fún ẹnikẹ́ni ní ilé ẹ̀kọ́. Wọ́n á ní ara rẹ̀ ni kò gba òtútù. Olùkọ́ tí kò mọ̀ kò ní jẹ́ kí ọmọ náà jáde mumi nígbà tó bá fẹ́, á ní kó sáré yí pápá ká nínú òtútù, bí ara rẹ̀ bá gbóná, á ní kó forí lé tábìlì. Ibà lára ọmọ yẹn, ọ̀rọ̀ dókítà lọ́jọ́ náà gan-an ni. Ta ni ẹ sì ń fi pamọ́ fún? New York ti ń yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ tuntun wò fún àrùn yìí láti 1975, gbogbo ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà sì ti ń ṣe é láti 2006. Ìjọba ti mọ̀ láti kékeré ọmọ. Àwọn tí wọ́n bí ní Èkó tàbí Ìbàdàn tí wọ́n wá bá yín níhìn-ín ló ṣeé ṣe kí ẹnikẹ́ni má tíì yẹ̀ wò.

Ìbẹ̀rù kan tún wà, àwọn ìyá máa ń fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ni kí wọ́n tó sọ ọ́: wọ́n á fún ọmọbìnrin mi ní oògùn tí kò ní jẹ́ kó lóyún, wọn kò ní sọ fún mi. N kò ní purọ́ fún yín. Òfin New York gba ọ̀dọ́ láyè láti gba irú ìtọ́jú yẹn fúnra rẹ̀, ní kílíníìkì ilé ẹ̀kọ́ tàbí níbòmíràn. Ẹ̀yin tí ẹ kọ̀ láti buwọ́ lùwé kò dí ọ̀nà yẹn. Ohun tí ẹ dí ni ti ikọ́ fée, ti eyín àti ti ojú. Ohun tí mo sì ń rí lójoojúmọ́ ni pé òṣìṣẹ́ tó dáńgájíá á máa rọ ọmọ pé kó lọ bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ká tún wo ilé wa. Ní ìparí àwọn ọdún 1950, David Morley, dókítà ní ọsibítù Wesley Guild ní Iléṣà, dá kílíníìkì àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún sílẹ̀ ní Ìmẹ̀sí-Ilé. Káàdì tí wọ́n ń kọ ìwọ̀n ọmọ sí, ọwọ́ ìyá ló ń wà, nínú ọ̀rá, ní ilé. Àwọn ìyá wọ̀nyẹn, tí ọ̀pọ̀ wọn kò mọ̀wé, kò jẹ́ kó sọnù. Irú káàdì bẹ́ẹ̀ wá tàn ká ayé. Ọmọ-ọmọ wọn ni àwa tí à ń dijú sí ìwé ìyọ̀ǹda yìí.

Ó ku ọ̀rọ̀ owó. Òfin ìlera tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà ní 2010 ya mílíọ̀nù 200 dọ́là sọ́tọ̀ fún kíkọ́ irú kílíníìkì wọ̀nyí àti ríra irinṣẹ́ sínú wọn. Owó oṣù kò sí nínú rẹ̀. Àwa tí a ti rí ilé ìwòsàn tí wọ́n ṣí pẹ̀lú ìlù àti fèrè ní abúlé wa, tí ewúrẹ́ ń sùn sínú rẹ̀, kò yẹ kí ìyẹn yà wá lẹ́nu. Ọsibítù tó bá ń pàdánù lè ti kílíníìkì ilé ẹ̀kọ́ kó tó ti ohun mìíràn. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ ká bá ìjọba sọ̀rọ̀ lásìkò. Oṣù kìíní ọdún ni gómìnà New York máa ń gbé ètò ìnáwó jáde, ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin ni ọdún ìnáwó bẹ̀rẹ̀. Láàárín méjèèjì ni wọ́n ń gbọ́ tẹnu ará ìlú. Ẹgbẹ́ wa mọ bí wọ́n ṣe ń kọ lẹ́tà ìkíni sí ọba. Ẹ jẹ́ kí akọ̀wé kọ irú rẹ̀ sí àwọn aṣòfin wa, kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan sì yan ẹni tí yóò máa lọ sípàdé òbí àti olùkọ́.

Àwọn ìwé ìyọ̀ǹda ti New York wà lórí tábìlì lẹ́yìn gbọ̀ngàn, lápá ọ̀tún. Ẹ̀yin tí ẹ ti ìpínlẹ̀ mìíràn wá, ẹ béèrè lọ́wọ́ ilé ẹ̀kọ́ ọmọ yín lọ́jọ́ Ajé bóyá kílíníìkì wà níbẹ̀. Àwọn nọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ wa wà nídìí tábìlì náà, wọ́n á ka ìwé náà fún yín ní Yorùbá láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹ mú nọ́ńbà íńṣọ́ránsì ọmọ dání bí ó bá ní. Alága ti gbà pé wọn kò ní gbé oúnjẹ jáde fún ìdajì wákàtí sí i.