Fóònù Ọwọ́ Wa, àti Bí Ẹni tí Kò Mọ Èdè Kọ̀ǹpútà Ti Lè Ṣe Áàpù

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ kò jìnnà sí ẹnikẹ́ni, nítorí inú àpò yín ni ó wà.

Láti ọdún 2001 tí fóònù GSM ti dé Nàìjíríà, àwa ti mọ bí a ti ń fi í pe ènìyàn. Ṣùgbọ́n èyí tí ó wà lọ́wọ́ wa nísinsìnyí, kọ̀ǹpútà kékeré ni. Ó ní ojú tí í ya àwòrán, ó ní etí tí í gba ohùn sílẹ̀, ó sì ní ìwé orúkọ tí nọ́ńbà gbogbo ojúlùmọ̀ wa wà nínú rẹ̀. Android ni baálé ilé náà. Àwọn áàpù ni àlejò. Kí àlejò tó wọ yàrá kan, ó níláti tọrọ àyè. Àwa ẹ̀wẹ̀, a ń tẹ “Allow” láìka ohun tí a kọ síbẹ̀.

Ó dá wa lójú pé ẹni tí ó bá ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe áàpù kan ṣoṣo, bí ó ti wù kí ó kéré tó, kò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Kò sì ṣòro bí a ti rò. Ní ọdún 2010 ni ilé-iṣẹ́ Google gbé App Inventor jáde, Ọ̀jọ̀gbọ́n Hal Abelson sì ni aṣáájú iṣẹ́ náà. Láti ọdún 2012 ni ilé ẹ̀kọ́ gíga MIT ní Amẹ́ríkà ti ń bójú tó o. Wọn kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ó ń lò ó.

Ẹ jẹ́ kí a mú ìyá kan tí ń ta gààrí ní ọjà Ifo, tí í kọ gbèsè sí ara páálí. Ọmọ rẹ̀ yóò ṣí App Inventor lórí kọ̀ǹpútà. Ní ojú-ìwé èkínní, yóò to àpótí méjì, ti orúkọ àti ti owó, pẹ̀lú bọ́tìnnì méjì, “Pa á mọ́” àti “Wò ó”. Ní ojú-ìwé kejì, yóò so àwọn àṣẹ mọ́ ara wọn bí ọmọdé ti í so búlọ́ọ̀kù eré: nígbà tí a bá tẹ “Pa á mọ́”, mú orúkọ àti owó, kí o fi wọ́n sínú TinyDB. Inú fóònù náà gan-an ni TinyDB wà. Kí ọmọ náà ṣọ́ra o: bí oníbàárà méjì bá ń jẹ́ Ṣadé, gbèsè èkejì yóò pa ti èkínní rẹ́. Kí ó kọ Ṣadé Alátà àti Ṣadé Aránṣọ. Bí ẹnìkan náà bá tún ra àwìn, kí áàpù kọ́kọ́ mú gbèsè àtijọ́ jáde, kí ó ro tuntun mọ́ ọn, kí ó tó pa á mọ́. Nígbà náà ni yóò fi AI2 Companion so fóònù ìyá rẹ̀ mọ́ kọ̀ǹpútà, wọn yóò sì rí iṣẹ́ náà lójú ẹsẹ̀.

Ẹ ṣàkíyèsí pé áàpù gbèsè yìí kò tọrọ ìwé ojúlùmọ̀ ẹnikẹ́ni. Èéṣe tí àwọn áàpù ayánilówó fi ń tọrọ rẹ̀? Kí wọ́n lè fi ẹ̀sín ránṣẹ́ sí àna àti ọ̀gá ẹni tí ó pẹ́ kí ó tó san owó ni. Ìyà yìí jẹ ọ̀pọ̀ ènìyàn, títí àjọ FCCPC fi gbé ìlànà kalẹ̀ fún wọn ní ọdún 2022. Ní ọdún 2023, Google fi òfin de àwọn áàpù bẹ́ẹ̀ láti má ṣe wo orúkọ ojúlùmọ̀ àti àwòrán wa. Ṣùgbọ́n òfin Google kò ká èyí tí a gbà láti inú WhatsApp.

Ẹ má sì rò pé iṣẹ́ òyìnbó nìkan ni. Ní ọdún 2018, ọmọbìnrin márùn-ún láti ilé ẹ̀kọ́ Regina Pacis ní Onitsha gba ipò kìíní láàrin àwọn ọmọ kékeré nínú ìdíje Technovation ní Amẹ́ríkà, nítorí áàpù tí wọ́n ṣe láti dá ayédèrú oògùn mọ̀.

A mọ̀ pé kọ̀ǹpútà wọ́n, iná kò sì dúró. Ọmọ mẹ́rin lè pín ọ̀kan lò. Kí wọ́n tó dé ibẹ̀, kí olúkúlùkù ti fi pẹ́ńsù kọ ọ́ sórí ìwé: ta ni yóò lo áàpù náà, kí ni yóò tẹ̀, àti kí ni yóò rí.